Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀rá tí Ọ́síjìn Ti Jẹ Nínú Omijé Ojú Gbígbẹ

Àpilẹ̀kọ tí a gbé jáde lórí ojú gbígbẹ mú kí lẹ́tà rọ́ wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ láàbù ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó bèèrè nípa ọ̀rá tí ọ́síjìn ti jẹ nínú omijé, àti bí wọ́n ṣe ń fi mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù, dá a mọ̀, la kó jọ síbí. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi àti iyọ̀ ni mo mọ̀ pé ó wà nínú omijé. Níbo ni ọ̀rá ti wọ̀ ọ́, báwo sì ni ọ́síjìn ṣe ń jẹ ẹ́? — Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, tíṣà. Ọ̀rá wà níbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tètè fa omijé gbẹ. Ní etí ìpéǹpéjú, lókè àti nísàlẹ̀, àwọn ẹṣẹ́ wẹ́wẹ́ kan wà tí à ń pè ní ẹṣẹ́ Meibom. Bí èèyàn bá ti ń ṣẹ́jú ni wọ́n ń tú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ jáde, tí ọ̀rá náà ń tẹ́ lé omijé lórí. Ó fẹ́lẹ́ gan-an: gbogbo omijé tó bo ẹyinjú kò nípọn ju máíkírómítà 3 sí 5 lọ, ọ̀rá orí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi nánómítà 40 sí 100. Wax ester àti cholesteryl ester ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Triacylglycerol wà níbẹ̀, OAHFA tó ń jẹ́ kí ọ̀rá àti omi lè gbà fún ara wọn wà níbẹ̀, phospholipid sì wà níwọ̀nba.

Ọ́síjìn kì í jẹ gbogbo wọn bákan náà. Ibi tó máa ń dojú kọ ni kábọ́ọ̀nù tó há sáàárín ìdè onílọ́po méjì méjì, torí háídírójìn ibẹ̀ kò le láti fà yọ. Ìdí nìyẹn tí linoleic acid tó ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ 2, arachidonic acid tó ní 4 àti DHA tó ní 6 fi ń tètè bàjẹ́, tí oleic acid tó ní ẹyọ 1 sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Bí háídírójìn bá ti yọ, ọ́síjìn á wọlé, hydroperoxide á sì dé. Hydroperoxide yìí kì í dúró pẹ́: ó lè di ọ̀rá oní-hydroxyl (OH), ó sì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, bíi malondialdehyde àti 4-hydroxynonenal, tí wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ purotéènì ojú. Ohun tó ń mú kí òróró ẹ̀pà kan bí a bá ṣí ìgò rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn náà nìyẹn.

Lójú tó gbẹ, omijé ń tètè yapa, iyọ̀ inú rẹ̀ ń ki, ojú ń pọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wá gbèjà ojú sì ń tú oríṣi ọ́síjìn tó le jáde. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Kòríà fi àyẹ̀wò alátakò-ara (antibody) fi hàn pé malondialdehyde, 4-hydroxynonenal àti hexanoyl-lysine ga nínú omijé àwọn tí ojú wọn gbẹ ju ti àwọn tí ojú wọn dá ṣáṣá lọ. Àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa pé nǹkan ń bàjẹ́. Kò lè sọ ọ̀rá tí nǹkan ọ̀hún ti wá àti ibi tí ọ́síjìn gbà wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ mass spectrometer nìyẹn.

Ìbéèrè: Èwo ló dára jù láti fi gba omijé: bébà Schirmer ni àbí ọ̀pá gíláàsì tóóró? Omijé àwọn aláìsàn mi kì í tó nǹkan. — Onímọ̀ ìtọ́jú ojú, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Máíkírólítà 7 péré ni omijé tó máa ń wà lójú kan, nínú ojú tó sì gbẹ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá gíláàsì ló ń mú omijé tó mọ́ jù wá. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sínú omijé tó dúró létí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, lápá ìta ojú, kó má kan ara ìpéǹpéjú, kó má sì kan ẹyinjú. Bó bá fi lè kan ibẹ̀, omijé tuntun á ya wá, á sì la ohun tí ẹ ń wá. Ní ti aláìsàn tí ojú rẹ̀ gbẹ gidi, ẹ lè jókòó tì í títí, kí ẹ má rí máíkírólítà 1.

Fún irú àwọn èèyàn yín, bébà la máa gbà yín nímọ̀ràn. Mìlímítà 5 sí 35 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi orí rẹ̀ tí a tẹ̀ há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ní ìdá mẹ́ta tó sún mọ́ ìta, ìṣẹ́jú 5, láìkán egbògi ìparora sí i. Bébà ń kó sẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rá etí ìpéǹpéjú mọ́ omijé, nítorí náà èsì rẹ̀ kì í bá ti ọ̀pá gíláàsì mu. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ nínú ìwádìí kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bébà bá kúrò lójú. Bébà tó tutù tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì kí ó gbẹ ti di ọ̀rá tí a na fún atẹ́gùn. Ẹ gé ibi tó tutù nìkan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tí ẹ fi methanol nù, ẹ fi ohun ìmúkan mú un, ẹ sọ ọ́ sínú ìgò gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀, kí ó sì wọ inú yìnyín gbígbẹ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ ti wọn ìgò náà pẹ̀lú bébà gbígbẹ tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Mìlígíráàmù 1 tó bá fi lé e súnmọ́ máíkírólítà 1 omijé, ó sì dájú ju kí ẹ máa ka gígùn ibi tó tutù lọ.

Ẹ béèrè ohun tí aláìsàn fi sójú àti ohun tó fi para, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tìróò, òrí, àdí àti ìpara ojú ní ọ̀rá tiwọn, bébà kò sì mọ ti ojú yàtọ̀ sí ti orí awọ. Èyí tó ń tan àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá ni egbògi ojú tí wọ́n fi epo lárà ṣe. Ricinoleic acid ló pọ̀ jù nínú epo lárà, hydroxyl sì ti wà lára rẹ̀ láti orí igi. Bí ẹ̀rọ bá rí i ní m/z (ìwọ̀n mólékù pín sí iná tó wà lára rẹ̀) 297.2435, ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ ló jẹ́ pẹ̀lú oleic acid tí ọ́síjìn ti jẹ. Ẹni tó ti kán irú egbògi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ lè fi hàn pé ojú òun bàjẹ́ ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó sì jẹ́ pé epo lárà ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìbéèrè: Omijé kan náà ni mo ń yẹ̀ wò, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá tún un yẹ̀ wò ni HETE àti HODE ń ga sí i. Èyí tó ti lo oṣù mélòó kan nínú firísà tún wá ga ju tuntun lọ. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. — Akẹ́kọ̀ọ́ PhD, Manchester

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ kọ́. Inú ìgò yín ni ọ́síjìn ti ń jẹ ọ̀rá náà: HETE ni arachidonic acid tí ọ́síjìn ti jẹ, HODE sì ni ti linoleic acid. Ká sọ tòótọ́, apá kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá ojú gbígbẹ tó bàjẹ́ jẹ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe láàbù. Kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ ṣe ìdánwò kan: ẹ fi arachidonic acid tó ní deuterium (háídírójìn tó wúwo) 8 sínú ìgò tó mọ́ tí kò ní omijé, kí ẹ gbé e la gbogbo ìgbésẹ̀ yín kọjá, láti orí bébà títí dé ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rí HETE ní m/z 327, ọwọ́ yín ló ṣe é. Kí ìgò yìí dá wà o. Ẹ má ṣe fi HETE oní-deuterium 8 tí ẹ fi ń ṣe òṣùwọ̀n sínú rẹ̀, torí 327 náà lòun, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti yín. Bákan náà ni pẹ̀lú linoleic acid oní-deuterium 4: HODE rẹ̀ á jáde ní 299, ibi tí òṣùwọ̀n HODE jókòó sí.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé. Kí methanol tí ẹ fi ń yọ ọ̀rá ti ní BHT (ohun tí kì í jẹ́ kí ọ́síjìn jẹ ọ̀rá) 0.01%, ìyẹn mìlígíráàmù 10 nínú mìlílítà 100, kí bébà tó kàn án rárá. BHT tí a fi sí i lẹ́yìn ìyọ kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi EDTA díẹ̀ sí omi, mìlímólà 0.1 tó, kó lè di irin àti bàbà tó ń fọ́ hydroperoxide mú. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wà lórí bébà, ẹ́ńsáìmù cyclooxygenase lè máa bá iṣẹ́ lọ; indomethacin máíkírómólà 10 á dá a dúró. Ẹ má ṣe tọ́jú ọ̀rá ní gbígbẹ. Inú methanol tó ní BHT ni kó wà, kí ẹ fi argon tàbí nítrójìn lé atẹ́gùn kúrò lórí rẹ̀, ní dígíríì òdì 80. Òdì 20 kò tó. Ẹ pín in sí ìgò kéékèèké kí ẹ má bàa máa yọ́ ọ, kí ẹ tún máa dì í.

Fún ìyọ, máíkírólítà 200 methanol tútù ni kí ẹ dà lé bébà, kí ẹ fi òṣùwọ̀n oní-deuterium yín sí i lójú ẹsẹ̀ (PG ni prostaglandin, d4 àti d8 sì ni iye deuterium): PGE2-d4, 8-iso-PGF2α-d4, 5-HETE-d8, 12-HETE-d8, 9-HODE-d4, píkógíráàmù 500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mì í fún ìṣẹ́jú 30 ní dígíríì 4, kí ẹ fa omi rẹ̀ yọ, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ da méjèèjì pọ̀. Máíkírólítà 400 yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú cartridge (ọ̀pá kékeré tó ń di ọ̀rá mú) bẹ́ẹ̀, torí methanol tó pọ̀ á gbé ọ̀rá kọjá láìdúró. Ẹ fi mìlílítà 2.4 omi tó ní acetic acid 0.1% là á, kí methanol lọ sí nǹkan bíi 14%. Cartridge polima mìlígíráàmù 30 tó: ẹ fi mìlílítà 1 methanol ṣí i, mìlílítà 1 omi oní-acetic acid tẹ̀lé e, kí omijé kọjá ní ẹ̀kán kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi mìlílítà 1 methanol 10% fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi mìlílítà 1 methanol gbà á jáde.

Ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ ẹ́ ni ọ̀pọ̀ oxylipin (irú ọ̀rá tí ọ́síjìn ti jẹ bíi HETE àti HODE) ń sọnù, tí àwọn mìíràn sì ń bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kán máíkírólítà 10 glycerol 30% tí a yọ́ nínú methanol sínú ìgò, kí ohun tó kéré rí ibi dì mọ́. Nítrójìn ni kí ẹ fẹ́ sí i, kì í ṣe atẹ́gùn, kí ìgbóná rẹ̀ má ju dígíríì 30 lọ. Ẹ fi máíkírólítà 50 methanol àti omi lọ́gbọọgba tú u padà.

Ẹ má ṣe fi ike gba chloroform. Ó ń yọ ohun tó wà lára ike jáde: erucamide á dé ní m/z 338.34, oleamide ní 282.28, àwọn tí kò mọ̀ á sì máa kọ wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rá omijé. Ẹ tún wo ìgò èròjà yín. Isopropanol tó ti pẹ́ ní ṣíṣí lè ti ní peroxide tirẹ̀, bébà ìdánwò peroxide kò sì wọ́n.

Nǹkan kan kù. Bí ẹ bá gba omijé àwọn aláìsàn ní oṣù kìn-ín-ní, tí ẹ gba ti àwọn onílera ní oṣù kẹfà, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí lè jẹ́ ti firísà. Ẹ máa gbà á ní ìyípo, aláìsàn kan, onílera kan, kí ẹ sì tú wọn pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, àwọn nọ́ńbà wo ni kí n fún ẹ̀rọ triple quadrupole (oríṣi mass spectrometer kan) wa? — Òṣìṣẹ́ láàbù, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Iná òdì (negative ion) ni kí ẹ lò, column C18 (ọ̀pá tó ń ya ọ̀rá sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ) mìlímítà 2.1 sí 150, hóró máíkírómítà 1.7, ní dígíríì 40. Omi pẹ̀lú acetic acid 0.1% ní ẹ̀gbẹ́ kan, acetonitrile àti isopropanol 90 sí 10 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mìlílítà 0.3 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó lò tó ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹ má kánjú dín àkókò yìí kù, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Èyí tó ń wọlé àti àfọ́kù rẹ̀ nìyí: 13-HODE, 295 sí 195, 9-HODE, 295 sí 171, 5-HETE, 319 sí 115, 12-HETE, 319 sí 179, 15-HETE, 319 sí 219, leukotriene B4, 335 sí 195, PGE2 àti PGD2, 351 sí 271, 8-iso-PGF2α, 353 sí 193. Ti àwọn òṣùwọ̀n: PGE2-d4, 355 sí 275, 5-HETE-d8, 327 sí 116, 12-HETE-d8, 327 sí 184, 9-HODE-d4, 299 sí 172, 8-iso-PGF2α-d4, 357 sí 197. Agbára ìfọ́ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹ fi ojúlówó èròjà tún un ṣe fún tiyín.

HODE méjèèjì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde pa pọ̀, àfọ́kù wọn ló yà wọ́n. PGE2 àti PGD2 kò ní irú àǹfààní yẹn. Ìwọ̀n wọn kan náà, àfọ́kù wọn kan náà, àkókò tí wọ́n fi ń jáde látinú column nìkan ló yà wọ́n, PGE2 ló sì ń ṣáájú. Ní ọdún 2012 àwọn ará Kòríà ròyìn pé PGE2 ga nínú omijé ojú gbígbẹ, PGD2 sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gé àkókò rẹ̀ kúrú débi pé méjèèjì di ṣóńṣó (peak) kan á rí i pé èyí tó ga ti bo èyí tó lọ sílẹ̀, á sì kọ ọ́ pé kò sí ìyàtọ̀. Bákan náà ni 8-iso-PGF2α pẹ̀lú PGF2α: àmì ọ́síjìn ni ọ̀kan, ẹ́ńsáìmù ló ṣe èkejì, 353 sí 193 sì ni àwọn méjèèjì.

Kí ẹ tó kọ orúkọ kan sílẹ̀, kí ó jáde ní àkókò tó bá òṣùwọ̀n rẹ̀ mu. Ti deuterium máa ń ṣíwájú díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Kí àfọ́kù kejì wà, kí ìwọ̀n rẹ̀ sí àkọ́kọ́ má sì jìnnà sí ti ojúlówó. Kí ṣóńṣó ga tó ìlọ́po 3 ariwo kí ẹ tó ní ẹ rí i, ìlọ́po 10 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bébà Schirmer tí kò kan ojú ẹnikẹ́ni gbọdọ̀ wà nínú gbogbo ìyípo. Ohun tí ẹ bá rí lórí rẹ̀ kì í ṣe ti aláìsàn. Ẹ da díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo omijé pọ̀ sí ìgò kan, kí ẹ máa fún ẹ̀rọ jẹ lẹ́yìn gbogbo mẹ́wàá. Bí èsì rẹ̀ bá ń yàtọ̀ ju 20% lọ, ẹ dúró kí ẹ fọ ẹnu ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Mo rí ṣóńṣó tó fi 16 ju phospholipid mi lọ. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé ọ́síjìn kan ti wọ̀ ọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ mú sùúrù. Ohun mẹ́ta ló lè jẹ́ 16. Ọ́síjìn kan jẹ́ 15.9949. Kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn 4 jẹ́ 16.0313. Bí potassium bá gba ipò sodium lára mólékù, ó jẹ́ 15.9739. Nínú ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kò mú, 16 ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú PC 34:2 (phosphatidylcholine, phospholipid kan tí ọ̀rá ìrù rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù 34 àti ìdè onílọ́po méjì 2), tó ń jókòó ní m/z 758.5695. Bí ọ́síjìn bá wọ̀ ọ́, 774.5644 ló máa jẹ́. PC 35:1, tí ọ́síjìn kò kàn rárá, wà ní 774.6007, ọ̀rá tó ní kábọ́ọ̀nù aláìpé méjì sì wọ́pọ̀ nínú ohun tí ẹṣẹ́ Meibom ń tú jáde. Láti ya wọ́n, ojú ẹ̀rọ (resolution) gbọdọ̀ mú tó 21,000 ó kéré tán. Ti potassium le jù bẹ́ẹ̀: PC 34:2 pẹ̀lú potassium wà ní 796.5254, èyí tó ní ọ́síjìn àti sodium wà ní 796.5463. Ó gbọdọ̀ tó 38,000. Mass spectrometer oríṣi Orbitrap lè ṣe é láìlàágùn. Ọ̀pọ̀ àwọn oríṣi Q-TOF àtijọ́ kò lè ṣe é.

Bí ẹ kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo àkókò ìjáde. Ọ̀rá tí ọ́síjìn ti wọ̀ fẹ́ràn omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì jáde látinú C18 ṣáájú èyí tó bí i. Tí 16 yìí bá jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà pẹ̀lú ọ̀rá tí kò bàjẹ́, ó lè jẹ́ potassium, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ ni ọ́síjìn ti jẹ ẹ́, nítorí iná tó pọ̀ jù lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ẹ dín fólìtì kù. Bí ṣóńṣó 16 bá já ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Fún hydroperoxide, triphenylphosphine ni ẹlẹ́rìí. Ẹ pín omijé sí méjì, kí ẹ fi í sí ìdajì kan. Nínú ìdajì yẹn, HpODE (hydroperoxide ti linoleic acid) tó wà ní 311.22 á wálẹ̀, HODE tó wà ní 295.23 á gòkè. Bí 311 kò bá mira, kì í ṣe hydroperoxide. Àwọn PC tí ọ́síjìn ti gé kúrú ní tiwọn rọrùn láti rí: POVPC ní 594.4 àti PGPC ní 610.4, iná rere, kí àfọ́kù 184 wà. Ẹ ṣọ́ra, àwọn méjèèjì fi 16 yàtọ̀ síra wọn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ́ńsáìmù ara ló ṣe HODE tí mo rí, àbí atẹ́gùn lásán? — Ẹni kan náà, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Atẹ́gùn kì í ṣe ojúsàájú. Á ṣe 9-HODE àti 13-HODE ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, á sì ṣe apá òsì àti apá ọ̀tún mólékù, ìyẹn S àti R, lọ́gbọọgba. Ẹ́ńsáìmù 15-lipoxygenase máa ń ṣe 13(S) ju gbogbo ìyókù lọ. Nítorí náà, ìṣirò tó kọ́kọ́ wúlò ni 13-HODE pín sí 9-HODE. Bó bá súnmọ́ 1, ẹ fura sí atẹ́gùn, pàápàá atẹ́gùn inú láàbù. Láti rí S àti R, column chiral ni ẹ nílò. Èyí ń gba ọ̀pọ̀ omijé, ẹ ó ní láti da ti àwọn aláìsàn mélòó kan pọ̀.

Ìbéèrè: Ojú mi máa ń ta mí, ó sì ń gbẹ nígbà ọyẹ́. Ṣé ilé ìwòsàn lè fi ẹ̀rọ yìí yẹ omijé mi wò? Ṣé kí n máa lo oògùn oníhóró omega-3 bí wọ́n ṣe ń sọ? — Ìyá oníṣòwò, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú o, mà. Iṣẹ́ ìwádìí ni ẹ̀rọ yìí, kò tíì di àyẹ̀wò tí dókítà ń kọ fún aláìsàn. Dókítà ojú á béèrè bó ṣe ń ṣe yín, á wo iye ìṣẹ́jú-àáyá tí omijé yín fi ń yapa, tí kò bá tó 10 ó ń fura, á sì wo bí iyọ̀ omijé ṣe ki tó bó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ẹ lọ bá a.

Ní ti omega-3, ní ọdún 2016 ìwádìí kan láti Miami fi hàn pé omijé tí omega-6 rẹ̀ ga ju omega-3 lọ máa ń bá ojú tí omijé rẹ̀ kò dára rìn. Ìyẹn kò sọ pé bí a bá gbé e mì, ojú á dá. Ní ọdún 2018 ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní DREAM ní Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn ní mìlígíráàmù 3000 omega-3 lójoojúmọ́ fún oṣù 12, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní òróró ólífì. Ara àwọn méjèèjì yá díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbójú lé. Ẹ máa jẹ ẹja yín. Owó oògùn oníhóró yẹn, ẹ lè fi ṣe nǹkan mìíràn.

Ìbéèrè: NEPA mú iná lọ nígbà tí omijé 40 wà lórí ẹ̀rọ. Jẹnẹrétọ̀ gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣé kí n máa bá èsì náà lọ? — Òṣìṣẹ́ láàbù, Èkó

Ìdáhùn: Kò ṣeé so pọ̀. Bí pọ́ǹpù turbo bá ti dúró, òfìfo inú ẹ̀rọ bàjẹ́, ó sì ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó padà. Ohun tó ṣáájú ìdákú iná jẹ́ ìyípo kan, ohun tó tẹ̀lé e jẹ́ ìyípo mìíràn: ẹ tún ẹ̀rọ ṣe òṣùwọ̀n, ẹ fún un ní ìgò àdàpọ̀, ẹ tún ìlà òṣùwọ̀n yà, kí ẹ tó gbé omijé tó kù lé e. Àwọn ìgò tó ti wà ní ṣíṣí nínú autosampler (apá ẹ̀rọ tó ń gbé omijé wọlé) ní gbogbo àkókò yẹn, bí amútutù rẹ̀ náà bá kú, ẹ má ṣe lò wọ́n. Ẹ lọ mú ìpín kejì wọn nínú firísà, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ pín wọn.

UPS tó lè gbé pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 20 ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kó tó kan ohunkóhun mìíràn, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ fi ń dìde ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ má gbàgbé kọ̀ǹpírésọ̀ nítrójìn, òun ló ń mu iná jù, UPS kì í sì gbé e. Ẹ fi sílíńdà nítrójìn kan pamọ́ fún un. Firísà òdì 80 ní tirẹ̀, kí tẹmómítà tó ń kọ ìwé fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ń wò láàárọ̀. Omijé tó bá ti yọ́ ní òru, kò sí àmì lára ìgò rẹ̀ láàárọ̀. Bí ìwé tẹmómítà bá fi hàn pé ó gòkè kọjá òdì 40, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ìgò náà sílẹ̀, kí ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ àwọn tó kù nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò HODE àti HETE. Ẹ ṣì lè fi wọ́n wo wax ester, torí oleic acid ló pọ̀ nínú ìyẹn, kì í sì tètè bàjẹ́.